Abẹ́rẹ́ eyín kán sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́: ṣé ká fi sílẹ̀ ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ni àbúrò mi ọkùnrin lọ yọ eyín ẹ̀yìn nísàlẹ̀, lápá òsì. Bí dókítà ṣe ń gún un ní abẹ́rẹ́ tó máa pa ibẹ̀ kú, ó ta gìrì, abẹ́rẹ́ sì kán sínú. Wọ́n wá a tì. Ẹnu rẹ̀ kò wá ṣí dáadáa mọ́, ó sì ń dùn ún tó bá ń gbé itọ́ mì. Ẹnìkan ní ká fi sílẹ̀, pé ẹran yóò bò ó. Kí ló tiẹ̀ mú un kán? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Ẹni yẹn ò parọ́ tán: irin tí kì í dípatà ni abẹ́rẹ́ náà, ẹran ara a sì máa bo irú rẹ̀. Àmọ́ ibi tó wà ni kò dára. Àlàfo tóóró ni, láàárín eegun àgbọ̀n àti iṣan tí a fi ń jẹun, nítòsí ọ̀fun. Ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára ètè àti ti ahọ́n ń gbà kọjá. Bó bá ti ń lanu tó ń pa á dé, iṣan tí a fi ń jẹun yẹn ń ti abẹ́rẹ́ náà. Ó lè rìn lọ sápá iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn. Nígbà tí ẹnu ò ti ṣí, tí ọ̀fun sì ń dùn ún, yíyọ ló yẹ ẹ́, kó má sì pẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má tún fi ọ̀bẹ wá a lórí àga eyín. Wíwá bẹ́ẹ̀ ló máa ń tì í wọlé sí i. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n. Wọ́n wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, níbẹ̀. Ẹ gba ìdí abẹ́rẹ́ tó kù lọ́wọ́ dókítà àkọ́kọ́, kó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ (tó ń sọ bó ṣe nípọn tó: bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni abẹ́rẹ́ ṣe tín-ín-rín tó) àti gígùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ iye tó wà nínú.

Ẹ́ksíréè lásán kò tó, nítorí kì í fi jíjìn hàn. CT, ìyẹn ẹ́ksíréè tó ń ya àwòrán inú ara ní ìpele-ìpele, ni wọn yóò ṣe, ó sì sàn kí wọ́n fi nǹkan há ẹnu rẹ̀ kó là sílẹ̀: bí àgbọ̀n bá ṣí, abẹ́rẹ́ a yẹ̀ kúrò níbi tó wà nígbà tí ẹnu pa dé. Ẹnu lílà ni wọn yóò sì fi ṣe iṣẹ́ abẹ náà.

Wọn yóò kùn ún lóorun. Wọ́n lè gún abẹ́rẹ́ kan tàbí méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ bí àmì, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ ẹ́ksíréè wò ó bí wọ́n ṣe ń lọ. Inú ẹnu ni wọn yóò ti là á, wọn yóò sì rọra ya ẹran sọ́tọ̀ ní ìbú ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ gbà wọlé. Ẹni tó bá bá ọ̀nà náà lọ tààrà yóò kàn máa tì í síwájú ni. Bó bá jáde, kí wọ́n wọ̀n ọ́n mọ́ ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó rán ibẹ̀. Ètè tàbí ahọ́n lè kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ẹnu yóò sì le; yóò máa ṣe eré ìdárayá ẹnu lílà lójoojúmọ́.

Ní ti ohun tó mú un kán: ìdí, níbi tó ti wọ inú ike, ló ti máa ń kán. Abẹ́rẹ́ kúkúrú tín-ín-rín, nọ́ńbà 30, ló wọ́pọ̀ jù nínú èyí tó ń kán, pàápàá bí dókítà bá tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ tàbí tó tì í wọlé dé ìdí, tí aláìsàn sì mira lójijì. Abẹ́rẹ́ gígùn, nọ́ńbà 25 tàbí 27, ló yẹ ibẹ̀, kí bíi mílímítà 5 sì ṣẹ́kù síta. Bó bá kán, èyí tó yọ síta yẹn ni wọn yóò fi ẹ̀mú fà jáde lójú ẹsẹ̀, bí aláìsàn ò bá pa ẹnu dé.

Bí ibà, ọrùn wíwú tàbí èémí ṣíṣòro bá dé, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Títí wọn yóò fi yọ ọ́, kó sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e sínú ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, pé irin wà lẹ́nu òun.