Kí ni obìnrin yìí ń tà?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ ọdún 23 ni mí, Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Ìwé ìtàn aláwòrán ni mò ń ṣe. Èmi ni mò ń kọ ọ́, èmi ni mò ń yà á, èmi náà ni mò ń kó o kiri láti tà. Àbẹ̀kẹ́ ni olórí ìtàn mi ń jẹ́. Ó mọ idà lò, ó ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, ẹ̀rù kì í bà á, kì í sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń yìn mí pé mo ya obìnrin tó lágbára. Ṣùgbọ́n àbúrò mi obìnrin kà á tán, ó dá a padà fún mi, ó ní: "Bọ̀dá mi, ọkùnrin lẹ wé gèlè fún." Látọjọ́ náà, ọwọ́ mi kò gbé bírò mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, kọ́kọ́ lọ ra nǹkan fún àbúrò rẹ yẹn. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ ẹni dé òpin, tó tún sọ òótọ́ rẹ̀ fún ni, kò wọ́pọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ni màmá kan sọ fún mi lọ́dún tí mo kọ fíìmù mi àkọ́kọ́. Mo kọ ìyá kan sínú rẹ̀ tó ń sunkún níbẹ̀rẹ̀, tó ń gbàdúrà láàárín, tó sì kú kí ìtàn tó parí. Màmá tó fẹ́ ṣe ipa náà ti ń ṣeré orí ìtàgé kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé ilé tí a ti ń ya fíìmù ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi ìka tẹ ìwé mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni obìnrin yìí ń tà?" Mo ní mi ò tíì rò ó débẹ̀. Wọ́n ní, "Ó bímọ mẹ́rin, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ń jẹun, wọ́n ń lọ sílé ìwé. Kí ló ń tà?"

Mo padà sílé, mo fi í sí ìsọ̀ èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Bí mo ṣe fi í síbẹ̀ báyìí, mo rí ọwọ́ rẹ̀: èlùbọ́ ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́, kò ṣeé fọ̀ kúrò tán. Mo mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Mo mọ ìdí tí kò fi dé ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí. Kò kú mọ́ nínú ìtàn náà, torí mi ò rídìí tó fi yẹ kó kú.

Àwa tá à ń dá ṣe fíìmù tàbí ìwé aláwòrán láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wa, a máa ń rò pé a ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin alábọ́dé wọ̀nyí: ìyá ọkọ òṣìkà, orogún alájẹ̀ẹ́, ìyàwó tó ń fara da gbogbo nǹkan. A ò tíì bọ́. Tiwa náà wà lọ́tọ̀. Ní 2007, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ nípa fíìmù, Nathan Rabin, wo Elizabethtown tó jáde ní 2005, ó sì fún irú ọmọge kan lórúkọ: Manic Pixie Dream Girl. Ọmọge tó dédé yọ sí ọmọkùnrin oníbànújẹ́ bí ìwin, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń kọ́ ọ bí a ṣe ń gbádùn ayé. Kò níṣẹ́, kò níyàá, kò lálá kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ara ọmọkùnrin náà bá ti yá, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Ṣùgbọ́n ní 2014 Rabin fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì lórí orúkọ yẹn, torí àwọn èèyàn ti ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo obìnrin tó bá ti lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà kì í fẹ́ràn kí a máa fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lu òǹkọ̀wé lórí. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n kí o lè béèrè lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́ bóyá tirẹ̀ ló ń ṣe àbí ti ẹlòmíràn.

Ìwọ̀n kan tún wà tí ayàwòrán bíi tìrẹ ló gbé e jáde, Alison Bechdel. Ní 1985 ó ya obìnrin méjì tó ń rìn lọ. Ọ̀kan ní òun kì í wo fíìmù àfi tí obìnrin bá tó méjì nínú rẹ̀, tí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ṣe nípa ọkùnrin. Ó ní Alien ni èyí tí òun rí wò gbẹ̀yìn, torí àwọn obìnrin inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀dá abàmì náà. Alien ti jáde láti 1979.

Bí mo bá gbé ìwọ̀n yẹn lé Ó Le Kú, fíìmù Túndé Kèlání ti 1997 tí mo fẹ́ràn gidigidi, ìtàn náà Àjàní ló ni ín: òun ló ń wá ìyàwó, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ló sì wà níwájú rẹ̀. Síbẹ̀, ìró kékeré àti bùbá àwọn ọmọge náà ni àwọn obìnrin mú lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Orúkọ fíìmù náà ni wọ́n fi ń pe aṣọ ọ̀hún títí dòní.

Ẹni tí mo fẹ́ kí o wò dáadáa ni Maggie, ọmọbìnrin inú ìwé aláwòrán Love and Rockets. Jaime Hernandez àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Gilbert àti Mario, ará Oxnard ní Kalifọ́níà, ni wọ́n dá ìwé àkọ́kọ́ tẹ̀ fúnra wọn ní 1981. Mẹkáníìkì ni Maggie níbẹ̀rẹ̀, òun ló ń tún rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Hopey, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń parí rẹ̀. Ó ti lé ní 40 ọdún tí Jaime ti ń yà á, ó sì jẹ́ kó dàgbà: ó sanra, ọjọ́ orí hàn lójú rẹ̀, iṣẹ́ bọ́, ó rí òmíràn. Mo rántí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó sanra. Mo pa ìwé náà dé, mo jókòó jẹ́ẹ́, torí mi ò tíì rí ayàwòrán tó gba irú ẹ̀ láyè fún obìnrin tó fẹ́ràn.

Nítòsí wa, wá Aya tí Marguerite Abouet kọ, tí Clément Oubrerie yà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2005. Yopougon ní Abidjan ni, lápá ìparí àwọn ọdún 1970. Aya fẹ́ di dókítà, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ kó fẹ́ ọmọ ọ̀gá òun níbi iṣẹ́ ọtí bíà. Adjoua àti Bintou ní tiwọn ijó ni wọ́n ń bá kiri. Adjoua lóyún, ó bímọ, Aya ń bá a gbé e. Kò sí idà níbẹ̀, mi ò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀.

Mi ò ní kí o gba idà lọ́wọ́ Àbẹ̀kẹ́ o. Ta ló rọ ọ́ fún un? Èló ni? Ṣé ó ti san án tán? Lọ́jọ́ tó fò bọ́ láti òrùlé, ta ló fi omi gbígbóná tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀? Abẹ́òkúta lo wà: lọ sí Ìtòkú láàárọ̀, wo bí aró ṣe wọ èékánná àwọn aládìrẹ. Kọjá sí Ìta Ìyálóde, níbi tí ère Madam Tinúbú wà. Obìnrin yẹn pèsè ohun ìjà nígbà ogun Dàhómì, wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Òwò ni agbára rẹ̀ ti wá: tábà, iyọ̀, ìbọn, àti ẹrú pẹ̀lú. Má fọ èyíkéyìí mọ́ kúrò lára irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bí o bá fẹ́ ká gbà pé ó wà.

Tí ojú ìwé tuntun bá ti jáde, àbúrò rẹ ni kó kọ́kọ́ kà á.

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí, Peckham ni mo wà. Ọmọbìnrin mi ọmọ ọdún 11 fẹ́ràn ìwé aláwòrán. Èwo ni mo lè fún un tí yóò bá ti ilé tan?

Ìyá ọmọ, London

ÌDÁHÙN

Ẹ fún un ní Iyanu: Child of Wonder tí Roye Okupe kọ, tí Godwin Akpan yà. Ó jáde ní 2021, wọ́n sì ti sọ ọ́ di eré àwòrán orí tẹlifíṣàn ní 2025. Ọmọ òrukàn ni Iyanu, ẹ̀yìn odi ìlú Elu ló ń gbé, Olori ló tọ́ ọ dàgbà. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé obìnrin tó dàgbà ló ń kọ́ ọmọbìnrin. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, wọn ò sì fi àmì sórí àwọn orúkọ. Ẹ jókòó tì í lálẹ́ kan, kí ẹ pe Ìyanu, Bíyìí àti Tóyè fún un pẹ̀lú ohùn, kó máa pè é tẹ̀lé yín.