Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta ló fún ọpọlọ yín ní ọjọ́ 21?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Aránṣọ ni mí ní Sábó, Ìkòròdú. Fònídónìí-fọ̀ladọ́la ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Aṣọ oníbàárà á wà nílẹ̀ títí òde á fi ku ọ̀la, màá wá máa fi òru rán an. Ẹnìkan ta àgúnmu fún mi pé kí n lò ó fún ọjọ́ 21, ó ní ọjọ́ 21 ni ìwà tuntun fi ń wọ ọpọlọ. Bí mo bá ti fo ọjọ́ kan, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n ra òmíràn. Mo ti rà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ọ̀lẹ ni mí ni?

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìkẹrin. Ìbéèrè oní-21 yìí ti pọ̀ jù, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi í pawó.

Ibi tó ti wá nìyí. Maxwell Maltz, dókítà oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ojú àwọn èèyàn ṣe ní New York, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1960 pé ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni ojú tuntun fi ń mọ́ èèyàn lára. Ẹ gbọ́ “ó kéré tán” yẹn dáadáa. Àwọn tó ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ ló jù ú nù, tí wọ́n sọ ìyókù dòfin. Ojú tí wọ́n tún ṣe kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn ń sá fún.

Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ló jókòó ka iye ọjọ́ náà gan-an. Ìwádìí wọn jáde ní 2010. Èèyàn 96 ni wọ́n ní kí kálukú mú nǹkan kékeré kan, bíi mímu omi pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, kó máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó wà láàárín, tí kò yá jù tí kò sì pẹ́ jù, lo nǹkan bí ọjọ́ 66 kó tó mọ́ ọn lára. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18. Wọ́n ṣírò ti ẹni tó pẹ́ jù sí 254. Fífo ọjọ́ kan kò sì ba ohun tí ẹnikẹ́ni ti kọ́ jẹ́. “Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀” yẹn, ọjà ni wọ́n fi ń tà fún yín.

Àgúnmu tí wọn kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára, ẹ dá a dúró, pàápàá bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí ẹ bá lóyún.

Ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ kì í fi òru rán aṣọ. Ẹ̀rù ló ń bà yín, kí ẹ má lọ gé léèsì olówó ńlá ẹni ẹlẹ́ni gbòdì. Bí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara á tù yín lójú ẹsẹ̀, ìtura yẹn ló sì ń kọ́ ọpọlọ yín pé kó tún sá lọ́la.

Nítorí náà, lálẹ́, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ aṣọ kan sórí tábìlì, kí ìwọ̀n rẹ̀ wà lórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu: “Bí mo bá ti gbá ṣọ́ọ̀bù tán láàárọ̀ ọ̀la, màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sára aṣọ yìí.” Ilẹ̀ gbígbá ti mọ́ yín lára, òun ni yóò máa rán yín létí. “Màá tètè ṣe é lọ́la” kò ní ohun tó ń rán an létí, ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣẹ. Ilà nìkan ni ẹ ṣèlérí, ẹ ò tíì sọ pé ẹ máa gé e. Ẹ wo aago ògiri, ìṣẹ́jú 25 péré, kí fóònù wà nínú àpò. Bó bá jẹ́ léèsì, ẹ kọ́kọ́ gé aṣọ inú, ẹ so ó pọ̀, kí oníbàárà wọ̀ ọ́ wò. Lẹ́yìn tó bá bá a mu ni kí ẹ tó fọwọ́ kan léèsì.

Ó máa ṣe yín bíi pé kí ẹ kó aṣọ mẹ́fà sórí tábìlì. Ẹ má dán an wò, ẹyọ kan ni. Bí ẹ bá sì fo ọjọ́ kan, ẹ má bú ara yín. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Carleton University ní Kánádà fi hàn pé àwọn tó dárí ji ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n fi ìwé kíkà falẹ̀ kò fi ti ìdánwò kejì falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìdáhùn yìí kò lè rọ́pò àyẹ̀wò o. Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, tí ohunkóhun kò múnú yín dùn mọ́, tàbí tó bá jẹ́ pé láti kékeré ni ẹ kò ti lè jókòó ti nǹkan kan parí, ẹ lọ sí General Hospital Ìkòròdú, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n lè kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábà lé yín padà. Ìbànújẹ́ tí kò lọ àti oorun tí kò wá wà lára ohun tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.