Èsì: Mílíìkì ò bá ọmọ ológbò lára mu

Ẹ kú ìtọ́jú o, Àǹtí wa. Ẹ ní àwọn ọmọ ológbò yín pé ọ̀sẹ̀ 5, ìyá wọn ti ń lé wọn nídìí ọmú, mílíìkì agolo tí ẹ wá ń fún wọn ń mú wọn ṣu gbuuru. Ẹ dá mílíìkì yẹn dúró lónìí. Inú ológbò kì í sábà gba wàrà màlúù. Èmi náà ti ṣe é rí, ilẹ̀ ni mo nù mọ́jú.

Wọ́n ti tó oúnjẹ jẹ. Ẹ ra oúnjẹ ọmọ ológbò (kì í ṣe ti ajá o), ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́ títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ bù ú sínú àwo pẹrẹsẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á ki imú bọ̀ ọ́, wọ́n á sín. Ẹ má bínú, wọ́n ń kọ́ ọ ni. Ẹ máa dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á lè rún un ní gbígbẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n bá dàgbà díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ́yìn oṣù 6. Kí omi mímu wà nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹja bíbọ̀ tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, tí kò ní iyọ̀, dára fún àfikún, àmọ́ kò lè dá bọ́ wọn. Ẹ má fi ọbẹ̀ ilé sí i: májèlé ni àlùbọ́sà fún ológbò. Tí ìgbẹ́ gbuuru náà ò bá dá lọ́la, ẹ gbé wọn lọ bá dókítà ẹranko, omi ara wọn kì í pẹ́ gbẹ.