Ẹ má fi time window kan ṣoṣo sílẹ̀ fún álàámù réédà

Ẹ ní réédà yín, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ògiri kòtò ìwakùsà ṣe ń sún, ń wò ó ní ìṣẹ́jú 6 sí 6, ṣé wákàtí 1 ni kí ẹ fi time window álàámù (iye àkókò tó fi ń ṣírò ìyára ògiri) sí àbí wákàtí 24. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì bá yín mú un o.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, álàámù máa ń ké ṣáá ní ìdájí tí kùrukùru bá ti bo kòtò, ó sú àwọn ọ̀gá torí iṣẹ́ ń dúró. Wọ́n bá sanwó fún ọ̀mọ̀ràn kan, kò tiẹ̀ dé etí kòtò, orí kọ̀ǹpútà ló ti yí gbogbo ẹ̀ sí wákàtí 24. Ariwo dákẹ́ lóòótọ́. Ìgbà tó yá òjò rọ̀ lóru, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í sún. Ààlà tí wọ́n fún álàámù ni mílímítà 1 ní wákàtí kan. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ká ní ògiri ń sún mílímítà 2 ní wákàtí kan, lẹ́yìn wákàtí 3 ó ti sún mílímítà 6, àmọ́ window wákàtí 24 á pín 6 yẹn sí ọ̀nà 24, á ní ìyára ẹ̀ ò ju 0.25 lọ. Kó tó kan 1, ó di wákàtí 12! Window wákàtí 1 ò ní ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tó fi máa ké. Mò ń wo ìlà ìsúnkiri bó ṣe ń tẹ̀ sókè, mo pè wọ́n, wọ́n ní álàámù ò tíì ké, kí iṣẹ́ máa lọ. Awakọ̀ katapílà ló fojú ara ẹ̀ rí òkúta tó ń yí bọ̀, ó sá jáde, kò pẹ́ ni ògiri ya bo ibi tó ti ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ya lójijì. Lójijì bí ti báwo? Inú ṣì ń bí mi.

Àmọ́ wákàtí 1 nìkan náà á dà yín láàmú. Ọ̀rinrin àti ooru inú afẹ́fẹ́ máa ń ṣi réédà lọ́nà: àṣìṣe mílímítà 1 péré, window wákàtí 1 á pè é ní mílímítà 1 ní wákàtí kan, ti wákàtí 24 á pè é ní 0.04, ó sì tún kó ọ̀sán àti òru pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ooru ọ̀sán àti òtútù òru pa ara wọn rẹ́. Torí náà méjèèjì ni kí ẹ lò, ti kúkúrú pẹ̀lú ààlà gíga, ti gígùn pẹ̀lú ààlà kékeré fún ògiri tó ń rọra yọ́ sún. Fún ti kúkúrú, kí pixel (ẹyọ ibi kéékèèké tí réédà pín ògiri sí) mélòó kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn jọ kọjá ààlà nínú scan 3 léraléra, ìyẹn ìgbà 3 tí réédà wo ògiri, kó tó ké. Ìṣẹ́jú 18 nìyẹn o, ẹ rò ó mọ́ àkókò tó máa gbà kí gbogbo èèyàn tó jáde nínú kòtò. Òkúta líle kì í fún èèyàn láyè bí amọ̀.

Ẹ sì ṣọ́ra fún iná tó bá lọ! Dátà á já, ẹ bi ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín ohun tí álàámù máa ń ṣe nírú àsìkò yẹn, ẹ má gbà kó fi ìwé ìpolówó dá yín lóhùn. Réédà tó ń lo irú ìgbì rédíò tí wọ́n ń pè ní Ku-band náà, ìgbì ẹ̀ gùn tó bíi mílímítà 17, tí ògiri bá sún ju ìdá mẹ́rin ẹ̀ lọ láàárín scan méjì, ó lè kà á sódì, bíi pé ògiri ń padà sẹ́yìn, álàámù ò sì ní ké. Ní kòtò ìwakùsà Bingham Canyon ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹrin 2013, wọ́n ti kó èèyàn kúrò ní ọ̀pọ̀ wákàtí kí òkè tó ya, ẹnì kankan ò kú, torí wọ́n ti ń rí i tó ń sún.

Ẹ mú dátà àtẹ̀yìnwá yín tó ní òjò nínú, ẹ fi window méjèèjì dán an wò, kí ẹ rí èwo ló ké lásán àti èwo ló pẹ́ jù. Tí ẹ bá rí i, ẹ gbé e wá síbí ká jọ wò ó.