Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ tó ń bá yín so ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì yín mọ́ sọ́fítíwia ìṣirò owó ní kí ẹ fi secret key ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì (bíi Paystack), ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí sọ́fítíwia fi ń wọ àkáǹtì yín níbẹ̀, ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, ẹ wá ń bèèrè bóyá ewu wà níbẹ̀. Ó wà. Mo ti ṣe é rí, ojú mi sì rí nǹkan.

Aṣọ òkè ni mò ń tà n'Íbàdàn. Ọmọ tí mo gbé iṣẹ́ fún mọṣẹ́, kì í sì í ṣe olè. Mo da gbogbo ẹ̀ kọ sí i: sk_live, ìyẹn secret key tó ń ṣiṣẹ́ lórí owó gidi, tòun ti páásíwọọ̀dù dashboard, ojú-ewé tí mo ti ń darí àkáǹtì náà. Ó lẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ inú kóòdù, ó gbé kóòdù sórí GitHub, ibi táwọn tó ń kọ kóòdù ń tọ́jú ẹ̀ sí, ó gbàgbé pé gbangba ló gbé e sí. Lọ́jọ́ kẹta, lóru, fóònù mi ò dákẹ́ mọ́: transfer, transfer, transfer. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, sí àkáǹtì tí mi ò mọ̀ rí. Èmi náà ni mo ti pa OTP transfer o, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń jẹ́rìí sí i kí owó tó jáde, torí ó ń dà mí láàmú tí mo bá fẹ́ sanwó fáwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn.

Mo sáré yí páásíwọọ̀dù padà. Transfer ò dúró. Ibi tó ti yé mi nìyẹn: ẹni tí secret key bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò nílò páásíwọọ̀dù rárá, ojú ẹ̀rọ owó ò mọ ìyàtọ̀ láàárín èmi àti ẹ̀. Ìgbà tí mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, tí ti àtijọ́ kú, ni owó tó dẹ́kun jíjáde. Ṣọ́ọ̀bù náà kú pẹ̀lú ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, torí kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ló ṣì wà nínú WooCommerce, sọ́fítíwia tí ṣọ́ọ̀bù náà ń lò. Ọmọ náà ní òun ti pa fáìlì yẹn rẹ́ lórí GitHub. Kò mọ̀ pé ó ṣì wà nínú history, níbi tí GitHub ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtijọ́ sí.

Kọ́kọ́rọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pk (public key) ò léwu, ojú oníbàárà ni wọ́n ṣe é fún. Sk ni kó má kúrò lọ́wọ́ yín. Ní báyìí, sk_test, kọ́kọ́rọ́ ìdánwò tí kò kan owó gidi, ni mo máa ń fún ẹni tó bá ń bá mi ṣiṣẹ́, kó fi dán gbogbo nǹkan wò tẹ́rùn. Tó bá parí, á fi àpótí tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ hàn mí, èmi á sì fọwọ́ ara mi lẹ sk_live síbẹ̀. Tó bá fẹ́ wo dashboard, mo máa ń fi ímeèlì ẹ̀ pè é wọlé, kí n lè yọ ọ́ tíṣẹ́ bá parí. Bí Paystack lẹ ń lò, ẹ lè kọ IP sáfà yín (nọ́ńbà àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀bù yín wà lórí ẹ̀) síbẹ̀, kó má gbọ́ tẹlòmíì. Kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi ń fọwọ́ sí webhook, ìyẹn ìkéde tí wọ́n fi ń sọ fún sọ́fítíwia yín pé owó ti wọlé, nítorí náà kí sọ́fítíwia yín máa yẹ ìfọwọ́sí yẹn wò, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni lè ránṣẹ́ sí i pé òun ti sanwó.

Tẹ́ ẹ bá ti fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó ka èyí, píparẹ́ lórí WhatsApp ò tó. Ẹ ṣe tuntun lálẹ́ òní, nígbà tí oníbàárà ò pọ̀, kẹ́ ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù yín lójú ẹsẹ̀.