Ìṣẹ́jú mélòó ni bàálù kan gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, bíi ti pápákọ̀ òfuurufú Rẹ́mọ?

Ìṣẹ́jú 2, ó kéré tán, bí bàálù kékeré tàbí alábọ́ọ́dé bá tẹ̀lé bàálù ńlá lójú ọ̀nà kan náà tí bàálù ti ń sáré gbéra. Bí èyí tó ṣíwájú bá jẹ́ A380, bàálù akérò tó tóbi jù lọ, ó di 3. Ìṣẹ́jú 3 náà ni bí èyí tó tẹ̀lé bàálù ńlá tí kì í ṣe A380 bá gbéra láti àárín ojú ọ̀nà náà. Apá bàálù ló ń fi afẹ́fẹ́ tó ń yí bí ààjà sílẹ̀ sẹ́yìn. Ojú kì í sábà rí i, ó sì lè da bàálù kékeré nù nítòsí ilẹ̀, níbi tí awakọ̀ kò ti ní àyè àtitún un ṣe. Ìlànà àgbáyé ni, nítorí náà kò yọ pápákọ̀ Rẹ́mọ yìí, ìyẹn Gateway tó wà ní agbègbè Ìperu àti Ìlíṣàn, sílẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí ewu ààjà yìí, ìṣẹ́jú 1 tó bí ọ̀nà tí àwọn méjèèjì ń gbà fò bá yapa ní dìgírì 45, ó kéré tán, kété tí wọ́n gbéra.