Apá ọmọ mi ń kú lórí pápá, kóòṣì ní ọ̀lẹ ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Àkọ́bí mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan níbí. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, bó bá sì ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó di igi mú kì í rí i gbá. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì, bó bá ti jù ú pẹ́ díẹ̀, á ní apá ọ̀tún òun ti kú. Mo fọwọ́ kan ọwọ́ náà nígbà tó ti pápá dé, ó tutù bí omi àmù, àwọn ìka rẹ̀ sì ti funfun. Kóòṣì ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, pé ọmọ tó tóbi tó báyẹn kò gbọdọ̀ máa ráhùn. Ìyá ọkọ mi ń bá a fi òrí ra á. Ṣé kí n dá a dúró ni, àbí kó máa fara dà á? — Ìyá Ìbejì, Táákì, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ dá a dúró. Kó má ju nǹkan kan mọ́ títí dókítà á fi yẹ apá náà wò. Ẹ bá mi bẹ ìyá ọkọ yín kí wọ́n sinmi òrí ná. Ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é, àmọ́ bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì nínú iṣan, a kì í fọwọ́ ra irú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòṣì yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́, torí wọ́n ti sọ ọ́ sí ẹnìkan rí. J.R. Richard, ará Amẹ́ríkà, ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Houston Astros. Ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 8 ni gíga rẹ̀. Bí onígi bá tàsé lẹ́ẹ̀mẹta nínú eré yìí, ó jáde nìyẹn. Lọ́dún 1979, ìgbà 313 ni Richard lé onígi jáde. Ní 1980 ó tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé apá òun ti kú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn ní ó ń jowú owó tí wọ́n ń san fún Nolan Ryan, akẹgbẹ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń ju bọ́ọ̀lù. Àyẹ̀wò ọsibítù fi hàn pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá rẹ̀ ti dí, síbẹ̀ wọn ò tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ó ń ṣe ìdánrawò ní Astrodome, pápá ẹgbẹ́ wọn, ó ṣubú lulẹ̀: rọpárọsẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, àmọ́ kò ju bọ́ọ̀lù nínú ìdíje àgbà mọ́. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún péré! Nígbà tó yá, abẹ́ afárá ló ń sùn ní Houston. Ó kú lọ́dún 2021.

Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá gba àlàfo tóóró kan kọjá, láàárín eegun ìhà tó wà lókè pátápátá àti eegun gbọọrọ tó nà láti ọrùn dé èjìká. Ẹni tó bá ń gbé apá sókè ju nǹkan ṣáá, ibẹ̀ lè máa fún iṣan náà pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà kọjá dáadáa á dì. Ọwọ́ á máa tutù, ìka á funfun, apá á tètè máa rẹ̀. Ẹ tún ka ohun tí ẹ kọ sí mi. Mi ò ní òun gan-an ló ń ṣe ọmọ yín o, èjìká tàbí ìgúnpá tó fara pa náà lè mú kí apá rẹ èèyàn. Àmọ́ ọ̀lẹ kì í sọ ìka di funfun.

Lálẹ́ yìí, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kì-kì, kí ẹ sì yẹ ti òsì wò. Bí ti ọ̀tún bá rọ̀ jù ti òsì lọ, tàbí tí ẹ ò bá gbọ́ ọ rárá, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ mọ́: ẹ gbé e lọ sí ọsibítù LAUTECH tàbí Bowen, èyí tó bá yá yín. Bákan náà ni bí ẹnu rẹ̀ bá yí tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Bí méjèèjì bá ń lù dọ́gba, ẹ ṣì lọ lọ́la. Ẹ ní kí wọ́n ṣe sikáànù iṣan ẹ̀jẹ̀ apá náà.

Kẹ́ ẹ má bàa sọ̀rètí nù: wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Merrill Kelly, tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Arizona, nítorí irú àìsàn yìí ní 2020, ó sì borí nínú eré kan ní World Series ti 2023, ìyẹn àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà.

Bí dókítà bá dá ọmọ sílẹ̀, ìṣirò ló kù. Àwọn tó ń darí eré náà ní Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ ju bọ́ọ̀lù kọjá ìgbà 95 lóòjọ́. Bó bá ti pé 76, kó sinmi ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹ bi kóòṣì pé ta ló ń bá a kà á. Bàbá rẹ̀ ni kó lọ bá a sọ ọ́, pẹ̀lú ìwé dókítà lọ́wọ́. Ẹ má rán ọmọ náà.